Ẹsẹ̀ tí Gìgísẹ̀ Rẹ̀ Kò Jẹ

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Yunifásítì ló wà, ó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé. Inú kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí a bá fẹ́ ṣe nǹkan, òun ni yóò kọ́kọ́ ya nǹkan náà sínú kọ̀ǹpútà. Yóò pín àwòrán náà sí ẹyọ wẹ́wẹ́, bí ẹyọ àgbàdo ṣe tò sára ṣùkù rẹ̀, yóò fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ìṣirò tirẹ̀, yóò sì gbé ẹrù lé e lórí. Ibi tí ara bá ti tu nǹkan náà, kọ̀ǹpútà yóò kùn ún ní àwọ̀ aró. Ibi tí ìnira bá ti wà, yóò máa yí sí pupa. Ibi tó bá pupa fòò, ibẹ̀ ni nǹkan náà yóò ti ṣẹ́ bí wọ́n bá ṣe é lóòótọ́. Iṣẹ́ rere ni, arábìnrin mi. Ó sàn kí àwòrán ṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà ju kí nǹkan gan-an ṣẹ́ lábẹ́ èèyàn lọ.

Ohun tó ń ṣe ìwádìí lé lórí ni fọ́nrán tí wọ́n ń fà yọ lára igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń tò sínú rọ́bà olómi kan. Bí wọ́n bá da òògùn sí rọ́bà náà, yóò dì, yóò sì le. Fọ́nrán nìkan kò lè dá dúró, yóò ká ni. Rọ́bà nìkan lè dúró, ṣùgbọ́n bó bá já lulẹ̀, yóò fọ́ bí àwo. Bí fọ́nrán bá wọ inú rọ́bà, tí àwọn méjèèjì sì di ara wọn mú, wọn á gbé ohun tí ẹnìkankan nínú wọn kò lè dá gbé. Ọlọ́run ló dá igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí ọmọ èèyàn ṣe wá mọ̀ pé agbára wà nínú ohun tí à ń gé sọnù bẹ́ẹ̀, oore-ọ̀fẹ́ ni.

Ẹsẹ̀ ni ọkùnrin yìí fẹ́ fi í ṣe.

Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Ìyá wọn ti kú nígbà tí òun ṣì ń rákò, ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ìjánu rẹ̀ já kọlù ú lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì gba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ orúnkún. Wọ́n fún un ní ẹsẹ̀ àtọwọ́dá onígi àti irin. Ẹsẹ̀ náà wúwo. Bó bá fi máa di ọ̀sán, tó ti dúró nídìí pátákó láti àárọ̀, ibi tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti bó. Egbò náà kì í jinná tán kó tó tún ṣí. Dókítà sì ti sọ fún un pé bí egbò yẹn bá ń ṣí bẹ́ẹ̀, wọn á ní láti tún ẹsẹ̀ náà gé, lókè orúnkún lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ yìí ni àbúrò rẹ̀ gbọ́ tó fi mú iṣẹ́ náà lé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó fẹ́ ṣe ẹsẹ̀ kan tó fúyẹ́, tó lè tẹ̀ díẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹlẹ́ran ara, tó ní àtẹ́lẹsẹ̀ tirẹ̀ débi tí kò ní nílò bàtà.

Ó ya á. Ó fún rọ́bà ní ìṣirò tirẹ̀, ó fún fọ́nrán ní tirẹ̀. Ó wá ku iye kan ṣoṣo tí kò ní lọ́wọ́: báwo ni fọ́nrán àti rọ́bà ṣe di ara wọn mú tó, níbi tí ara wọn ti kan ara?

Obìnrin àgbàlagbà kan ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Obìnrin náà wo àwòrán, ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n di ara wọn mú?"

Ó ní, "Wọ́n wà nínú ara wọn, Mà. Àyè kankan kò sí láàárín wọn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Èmi àti aládùúgbò mi, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, ọdún kọkànlá rèé. Mi ò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Lọ fà á wò."

Bí wọ́n ṣe ń fà á wò nìyí. Wọ́n á mú ẹyọ fọ́nrán kan, wọ́n á kán ẹ̀kán rọ́bà sí i, wọ́n á jẹ́ kó dì. Wọ́n á wá fi ẹ̀rọ máa fa fọ́nrán náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọ tàbí títí yóò fi já. Wọ́n á kọ iye agbára tó gbà sílẹ̀. Wọ́n á mú òmíràn. Kì í ṣe ẹyọ mẹ́wàá, kì í ṣe ogún. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń ṣa irun funfun lórí arúgbó.

Ọkùnrin náà ní, "Mo ti gbọ́, Mà." Kò lọ.

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń kánjú ni. Nínú kọ̀ǹpútà tó ń lò, ibì kan wà tí wọ́n ti ń béèrè pé ṣé àwọn nǹkan méjì yìí di ara wọn mú. Bí èèyàn bá dáhùn, kọ̀ǹpútà yóò lo ìdáhùn rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, kọ̀ǹpútà yóò gbà pé wọ́n di ara wọn mú ṣinṣin, kò sí ohun tó lè yà wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn wá ń padà síbẹ̀ bó bá yá. Ọkùnrin yìí fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, ó kọjá. Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kò purọ́, òun kò kàn dáhùn ni.

Ẹsẹ̀ náà jáde lójú kọ̀ǹpútà ní àwọ̀ aró láti ọmọ ìka dé gìgísẹ̀. Ó rẹwà. Ọkùnrin náà dúró, ó ń wò ó, ó ń rántí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sùn lé ní kékeré.

Òun àti òṣìṣẹ́ tó ń da rọ́bà ní yàrá iṣẹ́ wọn to fọ́nrán sínú ohun ìdà tó ní ìrísí ẹsẹ̀, wọ́n da rọ́bà lé e, wọ́n yọ ọ́ nígbà tó dì, ọkùnrin náà sì gbé e lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e lọ́wọ́, ó ní ó fúyẹ́ bí igbá. Ó wọ̀ ọ́, ó dìde, ó rìn yí pálọ̀ ká. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ó sì fi orúkọ oríkì àbúrò rẹ̀ pè é, ó ní, "Àdìgún, o ti san oore ẹ̀yìn mi." Ọkùnrin náà padà sí yunifásítì pẹ̀lú ayọ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ìsinmi lẹ́yìn ìsìn ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa."

"Kò ni yín lára níbì kankan?"

"Kọjú sí ìwé rẹ, Àdìgún. Mo ní àlàáfíà ni."

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń dá ìkíni lóhùn nílẹ̀ wa. Ilé lè máa jò. Orí lè máa fọ́ni láti àná. Bí wọ́n bá ti béèrè pé ṣé dáadáa ni, ẹnu ti sọ pé àlàáfíà ni kí ọkàn tó gbọ́ ìbéèrè. Àwa ará ìjọ tiẹ̀ tún fi ìyìn lé e lórí. Ẹni tó bá dáhùn lọ́nà mìíràn, a ó máa wò ó bíi pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti ń jó rẹ̀yìn.

Oṣù márùn-ún kọjá bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ti kọ ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ tán. Ó kọ síbẹ̀ pé ẹnìkan ti fi ẹsẹ̀ náà rìn fún oṣù márùn-ún, kò sì ráhùn rárá. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kó wá gbèjà ìwé náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà ka ibẹ̀, ó ní, "Lọ ya àwòrán rẹ̀ wá. Ya àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀."

Ó rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Nígbà tó dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọ aṣọ tó fi ń lọ sílé ìjọsìn, ó jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ tuntun náà wà lára rẹ̀, ó nà án síwájú bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò dìde padà. Ilẹ̀ níbẹ̀ ló wà tí ojú rẹ̀ fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ náà.

Ó mọ́. Ilà tín-ín-rín tí ohun ìdà fi sí gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́. Ọ̀nà tó lọ láti ilé wọn sí ilé ẹ̀kọ́ sì jẹ́ ọ̀nà olókùúta. Bàtà tuntun kì í lò ju oṣù méjì lọ níbẹ̀ kó tó jẹ ní gìgísẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rìn díẹ̀ kí n rí i."

"Kí ni mo fẹ́ rìn lọ ṣe? Dìde, kí o jẹun. O ti rù."

"Ẹ kàn rìn dé ìdí àmù yẹn."

Obìnrin náà dìde. Ó gbá ògiri mú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Nǹkan kan dún nínú ẹsẹ̀ náà: kẹ́. Ó tún gbé e: kẹ́. Ohùn kékeré ni, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣẹ́ igi ìṣáná. Àbúrò rẹ̀ ti kà nípa ohùn yẹn nínú ìwé, kò tíì gbọ́ ọ rí. Ohùn fọ́nrán ni, nígbà tó bá ń yọ kúrò lọ́wọ́ rọ́bà.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Kí ni?"

"Ohùn yẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà wá jókòó. Kò wò ó lójú. Ó ní, "Ọjọ́ kejì tí o lọ."

Ó ní, "Oṣù márùn-ún, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo rò pé bó ṣe máa ń ké nìyẹn. Nígbà tó wá ń tẹ̀ lábẹ́ mi lọ́jọ́ kẹta, mo bọ́ ọ sílẹ̀, mo padà sí ti onígi."

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ onígi àtijọ́ ló fara ti ibẹ̀, wọ́n ta aṣọ bò ó bí ohun ìtìjú. Ó bọ́ ẹsẹ̀ tuntun kúrò lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Egbò náà ti fẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó fi iyọ̀ sí i, ó ń fọ̀ ọ́. Obìnrin náà jẹ́ kó fọ̀ ọ́.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"O ti pẹ́ jù nídìí ìwé yẹn, ọdún kẹfà rèé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí o lọ tún un ṣe. Kí ni èmi mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà? Ohun tí mo lè fi ràn ọ́ lọ́wọ́ kò ju pé kí n má yọ ọ́ lẹ́nu lọ."

"Ẹ̀yin tíṣà. Bí ọmọ kan bá kọ ọ́ pé méjì pẹ̀lú méjì jẹ́ márùn-ún, ṣé ẹ máa fún un ní máàkì?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ronú sí i. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ìwọ ni, mo lè fún ọ ní ààbọ̀."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa ọkùnrin náà. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó sọ aṣọ tó fi ń nu egbò náà sínú abọ́, ó ní, "Èmi náà kò ṣe òótọ́ sí yín. Ibì kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó bi mí léèrè pé ṣé fọ́nrán àti rọ́bà di ara wọn mú. Mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n lọ fà á wò, mi ò lọ. Mi ò dá a lóhùn."

"Kí ni kọ̀ǹpútà wá ṣe?"

"Ó gbà pé àlàáfíà ni."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé orí àbúrò rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré tí ara rẹ̀ bá gbóná.

Ọkùnrin náà gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà kí ilẹ̀ tó ṣú. Dókítà ní àyè ṣì wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀: kó fi ẹsẹ̀ onígi yẹn sílẹ̀ pátápátá, kó máa fi ọ̀pá rìn títí egbò yóò fi san. Ọkùnrin náà padà sí yunifásítì, ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún ọ̀jọ̀gbọ́n. Obìnrin àgbàlagbà náà kò bá a wí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Lọ fà á wò." Wọ́n sún ọjọ́ ìgbèjà rẹ̀ síwájú fún ọdún kan.

Ó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ náà. Ó fa ẹyọ fọ́nrán ọgọ́jọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú wọn ló yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni fa ọ̀bẹ yọ nínú ẹ̀kọ gbígbóná. Ó kọ iye tó rí síbi tó ti fi sílẹ̀ lófìfo. Ẹsẹ̀ tó ti wà ní àwọ̀ aró tẹ́lẹ̀ pupa fòò láti ọrùn ẹsẹ̀ dé gìgísẹ̀. Ó wò ó títí. Ó mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àwòrán yẹn fi jọ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun.

Òtítọ́ tó pupa yẹn ló fi rí ọ̀nà. Nǹkan kan tó ń yọ̀ ló bo fọ́nrán ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára, òun ni kò jẹ́ kí rọ́bà rí i dì mú. Omi lásán kò lè ṣí i kúrò. Ó rẹ fọ́nrán náà sínú omi eérú, irú èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ máa ń sẹ́. Omi eérú a máa ta ni lára, ṣùgbọ́n ó ń wẹ nǹkan mọ́. Ó fi omi tó mọ́ ṣàn án, ó sá a, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Lọ́tẹ̀ yìí, fọ́nrán já kó tó fi rọ́bà sílẹ̀.

Ní gbogbo ọdún náà, kò dẹ́kun àtimáa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní òfin tuntun láàárín ara wọn. Ẹ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ sọ pé àlàáfíà ni títí yóò fi sọ ohun kan tó ń ni í lára. Àbúrò náà yóò sì sọ tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n kò rí nǹkan sọ. Ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó ní ẹ̀fọn pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní apá ń dun òun nítorí ọ̀pá. Ó wá di ọjọ́ kan tó sọ pé òun kì í sùn, pé ẹ̀rù gígé ẹlẹ́ẹ̀kejì ń ba òun, pé òun ń lá àlá rẹ̀. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí, kódà kò sọ ọ́ nínú àdúrà. Àbúrò rẹ̀ náà sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń rò ó pé òun kò yẹ fún oyè tí òun ń wá. Wọ́n fa ìfẹ́ tó wà láàárín wọn títí, kò yọ. Wọn kò tíì mọ̀ rí pé ó lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Egbò náà san. Wọn kò tún ẹsẹ̀ náà gé. Ọkùnrin náà mú ẹsẹ̀ kejì lọ sílé, kò sì béèrè bó ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ó ní kí àkókò sọ ọ́. Ní oṣù kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pè é ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, tí kì í ṣe àsìkò tí wọ́n máa ń bára wọn sọ̀rọ̀.

"Àdìgún, ẹsẹ̀ rẹ yìí ti ń jẹ ní gìgísẹ̀ o. Ilà yẹn ti parẹ́."

Ọkùnrin náà fi ẹ̀rín lọ sọ ọ́ fún ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ." Ohun tí àwọn tó wá gbọ́ ìgbèjà rẹ̀ kọ́kọ́ rí nìyẹn: àwòrán gìgísẹ̀ tó ti jẹ.

Arábìnrin mi, o bi mí léèrè lẹ́yìn ìpàdé àdúrà ọjọ́rú. O ní ọmọ rẹ wà lókè òkun nídìí ẹ̀kọ́, o sì máa ń gbọ́ àárẹ̀ lóhùn rẹ̀. O ní ojú rẹ ti ń ṣú, o kò rí ìwé orin kà mọ́, ṣùgbọ́n bó bá pè, àlàáfíà ni o ń sọ fún un. O ní ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Èmi kò ní pè é ní ẹ̀ṣẹ̀ kí n sì lọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ ni ti tíṣà yẹn náà, ìfẹ́ ni ti àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ méjèèjì yẹn jókòó ti ara wọn fún oṣù márùn-ún, egbò sì ń fẹ̀ láàárín wọn. Ohun tó ń dún kẹ́ lábẹ́ rẹ, òun gan-an ni iye tí ọmọ rẹ kò ní lọ́wọ́. Bí o kò bá dáhùn, yóò gbà pé àlàáfíà ni, yóò sì fi ọjọ́ iwájú rẹ̀ àti tìrẹ kọ́lé lé e lórí.

Mo sì ti gbọ́ àdúrà rẹ. Ọpẹ́ lo fi ń bẹ̀rẹ̀, ọpẹ́ lo fi ń parí, o kò sọ nǹkan kan láàárín. Ọpẹ́ dára. Ṣùgbọ́n Olúwa wa kì í ṣe àlejò tí a ń fi ọ̀rọ̀ rere sìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé ojú rẹ ń ṣú. Ó ń dúró kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un.

Lẹ́yìn náà, ọmọ rẹ yóò pè ní ìrọ̀lẹ́ òní. Yóò ní, "Màámi, ṣé dáadáa ni?" Má kánjú dáhùn. Bíi ti tíṣà yẹn níwájú àbúrò rẹ̀, gbé ẹsẹ̀ rẹ nílẹ̀, kí o tún gbé e. Jẹ́ kó gbọ́ bó ṣe ń dún.